Igbó Etí Pápá Gọ́ọ̀fù, Iṣẹ́ Ọwọ́ Ni O!

Ẹ̀yin ìyá wa l'Ọ́jà'ba, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ ní Bẹẹrẹ àti Mápó, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá wọ ọgbà IITA lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ẹ ó rí pápá gọ́ọ̀fù oníhò 9. Nídìí eré yìí, àárín pápá a tẹ́ bí ẹní, etí rẹ̀ a sì ga. Àwọn ará Yemẹtu wa a ní ọ̀lẹ làwọn tó ń tọ́jú irú ibẹ̀ yẹn. N ò gbà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá a sí ni, kí ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù yà kúrò lójú ọ̀nà lè jìyà díẹ̀. Rough ni wọ́n ń pè é.

Ilẹ̀ Skọ́tílándì leré yìí ti wá. Lọ́dún 1457 ni ìjọba ọba wọn fòfin dè é, torí àwọn ọkùnrin pa ọfà títa tì nítorí ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó pẹ́ tí eré ti ń ba iṣẹ́ jẹ́! Koríko kan tí ń jẹ́ fescue ló ń hù létí òkun níbẹ̀, lórí iyanrìn tí kò lọ́ràá. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Ẹni tó bá gbìn ín kì í da ajílẹ̀ sí i, irúgbìn pàápàá, fífọ́nká ni. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gé e, wọn a sì kó èyí tí wọ́n gé kúrò. Tó bá jẹrà síbẹ̀, ilẹ̀ á lọ́ràá, koríko tó sanra jù ú lọ á fún un pa. Ebi ló ń mú un dára.

Fescue ò lè gbé Ìbàdàn. Koríko ilẹ̀ tútù ni, oòrùn wa á pa á. Tiwa ńkọ́? Kí òjò oṣù kẹrin rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta péré, koríko ti dé orúnkún. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, á bo èèyàn mọ́lẹ̀, ejò á wọlé. Gígé léraléra ni, ká kó o kúrò, ká má sì fi ajílẹ̀ kàn án rárá. Tí ọyẹ́ bá dé, iná ni wọ́n tún ń ṣọ́.

Bàbá kan ládùúgbò wa ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ ní pápá kan tí kì í ṣe ti Ìbàdàn. N ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ọ̀gá tuntun dé, ó ní kí wọ́n da ajílẹ̀ sí gbogbo pápá, títí kan etí. Bàbá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ti etí yẹn ò fẹ́ oúnjẹ o." Wọ́n ní ṣé òun ló máa kọ́ àwọn níṣẹ́ ni? Òjò méjì péré, ó di igbó kìjikìji. Bẹ́ẹ̀, láti 2019, ìṣẹ́jú 3 lòfin eré náà fún ẹni tó ń wá bọ́ọ̀lù. Tí kò bá rí i, ó padà lọ gbá òmíràn níbi tó ti kọ́kọ́ gbá a, pẹ̀lú ìtanràn. Àwọn olówó fárígá. Bàbá ni wọ́n dá lẹ́bi, wọ́n ní kó máa lọlé.

Mo bi wọ́n léèrè pé kí ló dùn wọ́n jù. Wọ́n ní, "Pé wọ́n ní mi ò mọ koríko." Owó oṣù kan ṣì wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì san fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá ti wọkọ̀ lọ béèrè rẹ̀.