Láti Lálúpọn dé Òṣogbo: Mo Wá Ilẹ̀ Tí Kò Ṣeé Tà

Lálúpọn ò jìnnà sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìlú oko ni. Ojú irin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì là láti Ìbàdàn, tó dé Òṣogbo ní 1907, gba ibẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni títì Ìwó. Kòkó, obì, ọsàn àti ẹ̀gẹ́ ni àwọn bàbá wa fi kọ́lé níbẹ̀. Bí ènìyàn bá ti kúrò ní Mọ́nátán báyìí, tó kọjú sí ọ̀nà wa, ohun tó máa kọ́kọ́ rí ni òpó sìmẹ́ńtì kéékèèké tí àwọn awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀, pátákó àwọn tó ń gé ilẹ̀ tà ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì, àti katapílà tó ń hú igi kòkó tìdí tìdí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ilé kíkọ́. Ìbàdàn ń gbòòrò, ọmọ ènìyàn sì gbọ́dọ̀ ríbi forí lé. Ohun tó ń ká mi lára ni etí odò. Wọ́n ti ń wọn etí odò náà tà.

Odò kékeré kan wà lẹ́yìn oko ẹbí wa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń pọn ọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó mú jù, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò kò sì tíì dé, kò sì gbẹ rí lójú mi. Igi ńlá ńlá ló bò ó lórí, ọwọ́ oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ tó o. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, ẹrẹ̀ ni mo bá níbẹ̀. Wọ́n ti gé igi ọ̀tún, wọ́n ti gé tòsì, òpó àwọn awọnlẹ̀ sì wà ní ibi tí a máa ń kó korobá sí. Mo lọ bá àgbàlagbà kan nínú àwọn tó fọwọ́ síwèé títa ilẹ̀ náà, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ta odò ni?” Ó dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “A ò ta odò, ọmọ mi. Ilẹ̀ ẹ̀bá rẹ̀ la tà.”

Ìdáhùn yẹn ló gbé mi dìde. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ibi tí àwọn kan ti dúró lórí ilẹ̀ kan, tí wọ́n ní a ò ní tà á, a ò ní gé igi rẹ̀, kí n sì wo ohun tí omi ń ṣe níbẹ̀.

Ibi àkọ́kọ́ kò jìnnà. Mo wọ ọkọ̀ dé Iwo Road, mo wọ takisí Micra dé Òjóò, mo sì gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ dé ẹnu géètì IITA ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, kí ènìyàn tó dé Mọ́níyà. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni gbogbo ayé mọ ilé iṣẹ́ ìwádìí yìí mọ́: ẹ̀gẹ́, iṣu, ẹ̀wà, àgbàdo. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀ pẹ̀lú owó Ford Foundation àti Rockefeller Foundation, ìjọba Nàìjíríà sì fún un ní ilẹ̀ tó tó 1,000 hẹ́kítà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn kò mọ̀ ni pé nínú ilẹ̀ yẹn, nǹkan bí 350 hẹ́kítà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún igbó.

Mo ti gbàṣẹ tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ igbó náà ló sì mú mi wọlé. Ó ń pè mí ní “sà”, mo sì ń pè é ní ọ̀gá mi, nítorí mo rí i pé etí rẹ̀ mọ ohun tí etí mi kò mọ̀. A ò tíì rìn jìnnà tí ariwo ọ̀nà Ọ̀yọ́ fi dákẹ́ lẹ́yìn wa. Ìrókò wà níbẹ̀, àràbà wà níbẹ̀, arère àti afárá náà ò gbẹ́yìn. Ó fi igi ọmọ̀ hàn mí, èyí tí àwọn agbẹ́gilére máa ń fi gbẹ́ ìlù, ó ní igi náà ti ń ṣọ̀wọ́n nígbó. Mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí igi ọmọ̀ bá tán, kí ni a ó máa fi gbẹ́ ìlù?

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé igbó yìí kì í ṣe igbó àtayébáyé tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí. Oko ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kí ilé iṣẹ́ náà tó dé. Abúlé wà níbẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ kúrò nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ náà. Mi ò ní fojú fo ìyẹn dá, nítorí ìrora ni fún àgbẹ̀ láti kúrò lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, bí a bá sì fẹ́ ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Lágelú, ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, a ò gbọdọ̀ gbà á lọ́nà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ilẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀. Láàárín ìgbà tí ọmọ kan fi máa dàgbà tí yóò di bàbá, àkùrọ̀ àti oko ẹ̀gẹ́ ti padà di igbó tí ojú ọ̀run kò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú rẹ̀.

Láti ọdún 2010 ni iṣẹ́ ti gbóná sí i níbẹ̀, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà àti A.G. Leventis Foundation pawọ́ pọ̀ láti tọ́jú igbó náà. Mo rí ibi tí wọ́n ti ń gbin ọmọ igi ilẹ̀ wa sínú ọ̀rá dúdú, kì í ṣe tíìkì, kì í ṣe gẹ̀mẹ̀línà. Wọ́n ń ṣa èso wọn nínú igbó, wọ́n ń hù wọ́n, wọ́n sì ń lọ gbìn wọ́n síbòmíràn. Iṣẹ́ yìí le. Èso igi mìíràn kì í pẹ́ kú, bí o kò bá gbìn ín kíákíá, kò ní hù mọ́.

Ẹyẹ ni àwọn àjèjì tó ń wá sí igbó yìí máa ń wá wò. Iye irú ẹyẹ tí wọ́n ti rí níbẹ̀ ju 200 lọ. Mo gbọ́ àtíòro kí n tó rí i. Ṣùgbọ́n èyí tó gbé orúkọ ìlú wa káàkiri ayé jẹ́ ìbátan ẹ̀gà, dúdú ni, pupa wà ní orí àti àyà rẹ̀. Malimbus ibadanensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Onímọ̀ ẹyẹ kan tó ń jẹ́ Elgood ló kọ nípa rẹ̀ ní 1958, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn lágbàáyé tí wọ́n ti rí i yàtọ̀ sí tiwa, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn níbí. Ó wà lára àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ó lè pa rẹ́. A ò rí i lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi bí ẹni pé òun ló gbé e pamọ́.

Mo bèèrè nípa omi. Ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ gbé ewé jíjẹrà lórí ilẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Ó tutù, ó sì rọ̀ bíi kànìnkànìn. Níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí òjò bá rọ̀ lórí ilẹ̀ gbalasa, á fi agbára lu ilẹ̀, á kó erùpẹ̀, á sì sáré lọ sínú odò. Bí ó bá rọ̀ sórí igbó, ewé orí igi ló máa kọ́kọ́ gbà á, yóò kán díẹ̀díẹ̀ sórí ewé jíjẹrà, gbòǹgbò á mú un wọlẹ̀, ilẹ̀ á sì máa tú u sílẹ̀ fún odò nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Odò tí ó ní igi létí kì í tètè gbẹ, kì í sì í tètè ya.

Mo gba Ẹlẹ́yẹlé padà. Ọdún 1942 ni wọ́n dí odò Ọnà níbẹ̀ láti fún Ìbàdàn ní omi. Ewéko bo apá kan ojú omi náà, ilé sì ti sún mọ́ ọn gan-an. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 kò ní gbàgbé. Òjò kan ṣoṣo ló rọ̀, omi borí ìsédò náà, ó wó afárá, ó gbé ọkọ̀, àwọn tó kú sì lé ní 100. Ní 2014, ìjọba yá 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé láti dojú kọ àgbàrá Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń gé igi etí odò ní Lágelú lónìí, gbèsè bẹ́ẹ̀ ló ń dá sílẹ̀ de àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìrìnàjò kejì gba ọ̀nà tiwa gan-an, títì Ìwó, kọjá Èjìokú, títí dé Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun ni mo ń lọ. Mi ò lọ bọ òrìṣà, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń bọ ọ́. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, láàárín ìlú tó ti kún fọ́fọ́. Igi gígé, ọdẹ ṣíṣe àti ẹja pípa, èèwọ̀ ni níbẹ̀. Ọ̀bọ ń fò lórí igi lókè ère sìmẹ́ńtì, omi sì ń ṣàn lábẹ́ afárá.

Igbó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Nígbà tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, fi Òṣogbo ṣelé, àwọn kan ti ń gé igi níbẹ̀, àwọn kan sì ń wá bí wọ́n ṣe máa tà lára ilẹ̀ rẹ̀. Òun, àwọn olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tún ojúbọ kọ́, wọ́n mọ ère, wọ́n mọ ògiri. Ère wọ̀nyẹn ni ààlà. Ta ni yóò rì òpó awọnlẹ̀ sáàárín wọn? Ní 1965, ìjọba sọ apá kan ibẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ní 2005 sì ni UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ogún àgbáyé. Àdùnní kú ní 2009, ṣùgbọ́n àjọ tó ń jẹ́ Adunni Olorisha Trust ṣì ń ṣàtúnṣe ère tó ń wó níbẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí mo dé etí omi, inú mi bàjẹ́. Odò náà pọ́n bí ẹrẹ̀. Àwọn tó ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lókè ló ń da erùpẹ̀ àti kẹ́míkà sínú rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún Ọ̀ṣun ti 2022, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má mu ún. Odò Ọ̀ṣun yìí kan náà ni wọ́n dí ní Aṣéjìré, lójú ọ̀nà Ifẹ̀, tí wọ́n ń fa omi rẹ̀ wá sí Ìbàdàn. Bí a bá tọ́jú 75 hẹ́kítà ní ìsàlẹ̀, tí kò sí ẹni tó di òkè mú, omi ò lè mọ́.

Àwọn ìlú mìíràn ti rí èyí. Ìlú New York ń mu omi tó wá láti òkè Catskill. Ní 1997, ìlú náà bá àwọn ará òkè ṣàdéhùn, ó ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ tà, ó ń sanwó fún àgbẹ̀ kí wọ́n má jẹ́ kí ẹran wọn wọ odò, nítorí ìyẹn dínwó ju kíkọ́ ilé iṣẹ́ tí yóò máa sẹ́ omi lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá National Trust sílẹ̀ ní 1895, òfin 1907 sì fún un lágbára láti kéde pé ilẹ̀ kan kò ní ṣeé tà mọ́ láéláé. Àwa náà ti ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Igbó orò, igbó òrìṣà, ta ló jẹ́ tà á? Ìbẹ̀rù ló ṣọ́ ọ, ìbẹ̀rù náà ti dínkù, a ò sì fi ìwé rọ́pò rẹ̀.

Ìwé náà kò sì le. Nínú òfin ilẹ̀ ẹbí, bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìgbọ́ tàwọn olórí ojúlé, wọ́n lè lọ yí i padà nílé ẹjọ́. Agbára láti sọ pé rárá wà lọ́wọ́ wa. Òfin CAMA ti 2020 sì fàyè gba àwọn ènìyàn láti forúkọ ẹgbẹ́ alágbàtọ́jú sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ náà lè di ohun ìní mú títí lọ bí àwọn tó dá a sílẹ̀ bá tilẹ̀ kú. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ní kí a gbàṣẹ ìjọba kí ilẹ̀ tó ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, nítorí náà a ó mú ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin olórí ẹbí ní Lálúpọn, Èjìokú, Ọ̀fà-Ìgbò àti gbogbo Lágelú, mo bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tó tún wọn ilẹ̀ mìíràn, ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ kọ́kọ́ fa ilà sí ẹ̀gbẹ́ odò yín méjèèjì, kí gbogbo ojúlé fọwọ́ sí i pé ibẹ̀ kì í ṣe títà, kí ẹ sì fi í lé ẹgbẹ́ alágbàtọ́jú tí ẹ fúnra yín yàn lọ́wọ́. Owó púlọ́ọ̀tì méjì mẹ́ta lẹ máa pàdánù. Odò tí àwọn bàbá wa mu ni ẹ máa gbà sílẹ̀.