Ọ̀nà Tí Ìrònú Ń Gbà Dé Orí Kíndìnrín

Àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì láti Nyanya lọ sí Wuse ní Abuja láàárọ̀ mọ olóògùn inú ọkọ̀ dáadáa. Á kọ́kọ́ gbàdúrà ìrìn-àjò fún gbogbo èrò, á dárúkọ Jésù, á dárúkọ Ánábì, kò ní í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú, lẹ́yìn náà ni yóò wá tú àpò. Lọ́jọ́ kan tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá ọkọ̀ dúró ní AYA, ọ̀kan nínú wọn na oògùn kan sókè, ó ní ó ń lé ìrònú kúrò lórí kíndìnrín. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó jókòó ti òǹkọ̀wé yìí kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ra méjì.

Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà kàn sọ ọ́ kó lè dùn létí. Àmọ́ ohun kan wà lórí kíndìnrín lóòótọ́, ohun náà sì ní í ṣe pẹ̀lú ìrònú. Báwo ni olóògùn inú bọ́ọ̀sì ṣe súnmọ́ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí òǹkọ̀wé yìí gbádùn.

Adrenal ni àwọn dókítà ń pè é. Méjì ni, ọ̀kan lórí kíndìnrín ọ̀tún, èkejì lórí tòsì, kò sì sí èyí tó wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 5 lọ. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí jìnnìjìnnì bá boni: àyà á máa já, àtẹ́lẹwọ́ á làágùn, ẹsẹ̀ á ti fẹ́ sá kí ojú tó rí ohun tó ń bọ̀. Èèpo rẹ̀ ló ń ṣe cortisol, tí ara fi ń ṣètò ṣúgà àti ìfúnpá, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ṣe aldosterone, tó ń di iyọ̀ mú kó má bàa bá ìtọ̀ lọ. Cortisol kì í dá ṣe ìfẹ́ inú rẹ̀. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ, pituitary tó wà lábẹ́ ọpọlọ ló ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún adrenal, bí cortisol bá sì ti tó nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á dákẹ́. Ó máa ń pọ̀ láàárọ̀, ó máa ń wálẹ̀ lóru.

Ẹni tó so ọ̀rọ̀ másùnmáwo mọ́ ẹ̀yà ara yìí fún gbogbo ayé ni Hans Selye. Ní Montreal, ní 1936, ó kọ lẹ́tà ṣókí kan sí ìwé ìròyìn Nature nípa àwọn eku tó ti fi òtútù, ọgbẹ́ àti oògùn olóró jẹ níyà. Ìyà yòówù kó fi jẹ wọ́n, nǹkan kan náà ló ń bá nínú wọn tó bá là wọ́n: adrenal tó tóbi sí i, ikùn tó ti degbò. Selye ní tí ìyà náà kò bá dáwọ́ dúró, ó máa kan ìgbà tí agbára ara á tán pátápátá. Gbólóhùn yẹn ni àwọn olùtajà gbé sáré. Ní Amẹ́ríkà, ní 1998, James Wilson fún un ní orúkọ tuntun, ó pè é ní adrenal fatigue, ìyẹn ni pé ìrònú lè lo adrenal títí á fi rẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ta oríṣiríṣi ìyẹ̀fun àti hóró oògùn fún adrenal tó rẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà méjì ní Brazil kó ìwádìí 58 jọ lórí rẹ̀ ní 2016, wọn kò rí ẹ̀rí pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà.

Nǹkan kan wà nínú ìtàn Selye tí òǹkọ̀wé yìí kò lè gbójú fò. Àwọn ilé-iṣẹ́ sìgá wá ń náwó sí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ nígbà tó yá. Kò ṣòroó mọ ìdí. Bó bá jẹ́ ìrònú ló ń pa èèyàn, ta ni yóò tún máa wo sìgá?

Abuja mọ ohun tí jìnnìjìnnì ń ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014, bọ́ǹbù dún ní gáréèjì Nyanya nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wá ọkọ̀ wọ ìlú, ó sì pa èèyàn tó lé ní 70. Kí oṣù karùn-ún tó mọ́lẹ̀ dáadáa, òmíràn tún dún ní Nyanya kan náà. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, bí táyà bá bẹ́ lójú pópó, èèyàn á rí àgbàlagbà tó dojú bolẹ̀. Bí ìrònú bá ń jẹ adrenal run lóòótọ́, ó yẹ kí ilé ìwòsàn kún fún àwọn aláìsàn adrenal láti Nyanya, Mararaba àti Karu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olùwádìí Rachel Yehuda ní New York tiẹ̀ wọn cortisol nínú ìtọ̀ àwọn Júù tó ye ìpakúpa Hitler, ó sì bá a pé ti àwọn tí ìbẹ̀rù náà kò tíì fi sílẹ̀ kéré ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Kì í ṣe pé adrenal wọn ti kú. Ọpọlọ wọn ló ti yí padà, tó fi jẹ́ pé cortisol díẹ̀ ti ń tó láti pa á lẹ́nu mọ́. Ìyà ńlá ti kọjá lórí wọn, ó sì fi àmì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yà tó wà lórí kíndìnrín ṣì ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an.

Ibí ni ìrántí kan ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ òǹkọ̀wé yìí lẹ́nu. Ìyá kan wà ní àdúgbò wọn ní Ìlọrin, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé, tí àkọ́bí wọn kú. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Wọ́n dúdú, ṣùgbọ́n wọ́n wá ń dúdú sí i, títí kan ìlà àtẹ́lẹwọ́ àti erìgì wọn. Bí wọ́n bá dìde lórí àga, òòyì á kọ́ wọn. Ohun tó máa ń pa àwọn ọmọdé lẹ́rìn-ín ni pé ìyá náà ń lá iyọ̀. Wọ́n máa ń bu iyọ̀ sí ọsàn, wọ́n á mu ún tán, wọ́n á tún lá èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó ń ṣe wọ́n: ìbànújẹ́ ọmọ ni. Àwọn àlùfáà wá, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wá, wọ́n ní kí ìyá fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Nínú ọyẹ́ ọdún náà ni wọ́n kú. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ni òǹkọ̀wé yìí ka ohun tí dókítà Thomas Addison kọ ní London ní 1855. Ó ṣàpèjúwe aláìsàn 11 nílé ìwòsàn Guy's: àárẹ̀ tí kò lọ, èébì, ara tó ń rù, awọ ara tó ń ṣú. Nígbà tó yẹ òkú wọn wò, adrenal ló ti bàjẹ́. Ikọ́ ife ló jẹ ti ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí adrenal kò bá lè ṣe cortisol mọ́, ọpọlọ á máa pariwo àṣẹ sí i, họ́mọ̀nù tó ń gbé àṣẹ náà ló sì ń mú kí awọ ara ṣú. Iyọ̀ ń bá ìtọ̀ lọ, ẹnu ń wá a. Ní ilẹ̀ Yúróòpù lónìí, àwọn ọmọ ogun ara tó yíjú sí onílé ló sábà máa ń fa àìsàn náà, ṣùgbọ́n ikọ́ ife kò tíì kúrò ní Nàìjíríà, kòkòrò HIV náà sì lè ba adrenal jẹ́. John Kennedy ní àìsàn yìí; London ni wọ́n ti sọ fún un ní 1947. Nígbà tó ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn rò pé oòrùn etíkun ló pa á láwọ̀ dà. Lára ẹni dúdú, inú ẹnu, ìlà ọwọ́ àti ojú àpá tuntun ni èèyàn gbọ́dọ̀ wò, ojú tó ń wá a nìkan ló sì lè rí i.

Àwọn ará Ìlọrin kò purọ́. Ìyá náà ń ṣọ̀fọ̀. Ohun tó ń bí òǹkọ̀wé yìí nínú ni pé gbàrà tí wọ́n ti dárúkọ ìbànújẹ́, ìwádìí tán. Bí iléeṣẹ́ sìgá ṣe mọ iṣẹ́ tí ìrònú lè bá wọn ṣe náà nìyẹn, àfi pé ti àdúgbò wá láti inú ìfẹ́.

Ṣùgbọ́n a kò lè dá ìbànújẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kéékèèké á máa gorí ẹni. Ẹni tí adrenal rẹ̀ ti bàjẹ́ kò ní cortisol tó lè fi sí i nígbà tí wàhálà bá dé. Àwọn dókítà ní Jámánì tẹ̀ lé àwọn 423 tó ní irú àìsàn yìí. Ìgbà 64 ni ara dá wọn gúnlẹ̀ débi tí ẹ̀mí wọn fi wà nínú ewu. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, ibà, àti ìdààmú ọkàn ló wà lókè nínú ohun tó fà á. Òkú òjijì nínú ẹbí lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dùbúlẹ̀ bí àìsàn gan-an, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ wọn láti fi kún oògùn wọn nígbà tí nǹkan bá le.

Ó yẹ kí àròkọ yìí parí síbẹ̀, ká ní òǹkọ̀wé yìí kò bi apoògùn kan ní Garki pé kí ló fa ìṣòro adrenal tí òun fúnra rẹ̀ ń rí jù. Apoògùn náà kò ronú rárá. "Dẹ́sà ni," ló ní.

Dexamethasone ni, sítẹ́rọ́ìdì kan tó jọ cortisol. Ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà ni èèyàn ti lè rà á láìmú ìwé dókítà lọ́wọ́. Oògùn gidi ni, ó ń gba ẹ̀mí là lọ́wọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní pánla ń lò ó kí wọ́n lè sanra kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Àwọn kan ń bá a pàdé nínú àgbo oríkèé ríro tí ẹni tó pò ó kò sọ ohun tó fi sí i. Hóró kan tó jẹ́ ìdajì mílígíráàmù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo cortisol tí ara ń ṣe lójúmọ́, àwọn kan sì ń lo ju ẹyọ kan lọ. Ojú á rí roboto, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kún, wọ́n á ní ayé ń yẹ ẹ́. Ọpọlọ ní tiẹ̀ á rí i pé ohun tó jọ cortisol ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á dákẹ́. Adrenal tí kò gbọ́ àṣẹ mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Bí owó oògùn bá wá tán tàbí tí ìgbéyàwó kọjá, tí ọmọ náà dá a dúró lójijì, kò sí ohun tó máa rọ́pò rẹ̀.

Ìpara tí wọ́n fi ń bóra ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà bí sítẹ́rọ́ìdì líle bíi clobetasol bá wà nínú rẹ̀, nítorí pé ó ń gba awọ ara wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2007 láti Dakar, 68 nínú àwọn aboyún 99 ló ń bóra, cortisol sì kéré nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń lo èyí tó ní sítẹ́rọ́ìdì líle.

Nítorí náà ìrònú ń dé orí kíndìnrín ní Abuja, olóògùn inú bọ́ọ̀sì kò jẹ̀bi tán. Ilé kẹ́mísì ló ń gbà débẹ̀. Ìrònú pé mo rù jù, pé mo dúdú jù, pé kí ni ìdílé ọkọ máa sọ. Kì í ṣe ìrònú yẹn ló ń mú adrenal súnkì, ohun tí wọ́n rà láti fi pa á lẹ́nu mọ́ ni.

Dókítà tó bá fura lè yẹ cortisol wò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó sì lè fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ dín sítẹ́rọ́ìdì náà kù díẹ̀díẹ̀ títí adrenal á fi jí. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé èèyàn ń lò ó. "Oògùn wo lẹ̀ ń lò?" ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Obìnrin tó ń fi clobetasol para láàárọ̀ àti lálẹ́ láti ọdún mẹ́ta á dáhùn láìparọ́ pé òun kò lo nǹkan kan, torí pé ìpara kì í ṣe oògùn lójú rẹ̀. Apoògùn ti Garki ní òun kì í bi wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́. Òun máa ń ní kí wọ́n gbé ohun tí wọ́n fi ń para wá, kí òun wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀.