Ìdí tí oúnjẹ fi ń ṣẹ́kù nínú abọ́ mi

Ẹ̀yin ará wa ní Jos, níbi ìkómọ ọjọ́ Sátidé, ìyá wa kan bi mí pé kí ló dé tí mo jẹ òkèlè mẹ́ta péré tí mo ti fọwọ́. Ṣé oúnjẹ wọn kò dùn ni? Mo ní ó dùn, àmọ́ mo rí i lójú wọn pé ìdáhùn mi kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ síbí kí gbogbo wa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń dùn mí. Ẹni tó bá ti gbé ẹrù ọjà rí mọ ohun tí mò ń wí. Mò ń ra oògùn ìrora ní kẹ́míìsì, diclofenac lónìí, ibuprofen lọ́la, mo sì ń lò ó láìjẹun, bí ẹni ń jẹ gúgúrú. N kò bi ẹnikẹ́ni bóyá irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè dá ọgbẹ́ sí inú èèyàn. Lóru ọjọ́ kan ni ọgbẹ́ náà lu, ikùn mi le bíi pákó, wọ́n gbé mi dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Nígbà tí mo máa lajú, wọ́n ti gé lára àpòlúkù mi kúrò.

Fún ọjọ́ mélòó kan, omi tí wọ́n ń fà sí mi lára nìkan ni oúnjẹ mi. Lẹ́yìn náà, omi ṣíbí kan, ṣíbí méjì. Ẹ ò lè mọ bí omi lásán ṣe ń dùn tó.

Ilé ni wàhálà wà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tọ́jú mi. Nígbà tí wọ́n rí bí mo ṣe rù, wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n po ògì abọ́ ńlá, wọ́n da mílíìkì àti ṣúgà sí i, wọ́n ní kí n mu ún tán kí n lè lókun. Ta ló máa kọ̀ fún wọn? Kò tó ogún ìṣẹ́jú, òógùn bò mí, àyà mi ń lù kìkìkì, inú ń lọ́ mi. Mo sáré lọ sí ilé ìyàgbẹ́, ibẹ̀ ni mo ṣubú sí.

Ìyàwó mi ló ra ògì náà lọ́jà. Ẹ̀gbọ́n mi wo ògì, wọ́n wo ìyàwó mi. Wọn ò sọ nǹkan kan, àmọ́ gbogbo wa gbọ́ ohun tí wọn kò sọ. Odidi ọjọ́ méjì, wọn kò jẹ oúnjẹ tí ìyàwó mi sè. Ìyàwó tó sun orí bẹ́ńṣì ọsibítù nítorí mi o.

Ọjọ́ tí mo padà lọ rí dókítà, mo ní kí àwọn méjèèjì tẹ̀lé mi. Obìnrin Berom kan tó ń rí sí oúnjẹ àwọn aláìsàn ló bá wa sọ̀rọ̀, ó ń sọ Haúsá, èmi ń túmọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní àpòlúkù dà bí ìkòkò tó ń dá oúnjẹ dúró, tó ń tú u díẹ̀díẹ̀ sínú ìfun. Tèmi ti kéré. Ohun dídùn tó bá ṣàn, ìfun ló ń já bọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà, ìfun á wá máa fa omi látinú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òógùn fi bò mí. Kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni. (Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, òun kọ́ ló sọ ọ́. Èmi ni mo fi kún un.)

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ títí a fi délé. Nígbà tó di alẹ́, wọ́n bọ́ sí ilé ìdáná. "Ìyàwó, kí ni ká sè fún un?"

Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mò ń jẹun lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Ẹyin tàbí ẹja ni mo kọ́kọ́ ń jẹ, kí n tó fọwọ́ kan òkèlè. N kì í mu omi mọ́ oúnjẹ, ó di ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí mínírà, kò sí mọ́ọ̀tì. Acha ibí yìí, tí mo ti ń fojú di tipẹ́ pé oúnjẹ ẹyẹ ni, òun ló gbà mí. Wọ́n á sè é pẹ̀lú ẹja àti ẹ̀fọ́, ata á kéré níbẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, mò ń gba abẹ́rẹ́ fítámì B12, torí èyí tó kù nínú àpòlúkù mi kò lè ṣiṣẹ́ tó kí ara rí i gbà nínú oúnjẹ. Ẹ̀yìn ríro ṣì wà o, pàrásítámọ́ọ̀lù ni dókítà fọwọ́ sí.

Àmàlà ńkọ́? Mò ń jẹ ẹ́. Ó tó ẹyin adìẹ kan. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì máa ń pe ìyàwó mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bèèrè bóyá kò ti pọ̀ jù.

Torí náà, ìyá wa, oúnjẹ yín dùn. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ bá mi di èyí tó kù sínú ọ̀rá, n ó jẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì.