Ọjọ́ Òjò Kan Ní Ìlú York

Òjò tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ni èyí tó máa ń bá ìjì àti àrá wá, tó máa ń rọ̀ kíkankíkan, tí oòrùn á sì tún yọ. Òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà ìwọ́wé, láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kọkànlá, òjò wínníwínní lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kó má sì dá títí di alẹ́. Kò pariwo, kò sì kánjú. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a dé York, ìlú àtijọ́ kan ní ìhà àríwá, tí ọkọ̀ ojú irin ń fi nǹkan bí wákàtí méjì rìn láti London.

Odò Ouse ló la ìlú náà já. Ní ọdún 71 lẹ́yìn ìbí Jésù ni àwọn ará Róòmù tẹ ìlú náà dó, nítorí pé ọkọ̀ lè gba orí odò náà wọlé láti òkun. Odò ló gbé York níyì, òun náà ló sì ń dà á láàmú.

Ewé igi tó ti pọ́n rúsúrúsú kún ojú ọ̀nà, ó ń yọ̀ bí ilá. Omi odò dà bí tíì tí a fi mílíìkì sí. Ní èbúté King's Staith, àwọn ọmọdé wọ bàtà rọ́bà, wọ́n ń wo pẹ́pẹ́yẹ lórí omi.

Ilé ọtí kan wà létí èbúté yìí tí wọ́n ń pè ní King's Arms. Kì í ṣe ọtí la bá lọ. Àmì tí wọ́n fa sílẹ̀ nípa bí omi ṣe ga tó lọ́dọọdún tó bá kún la fẹ́ rí. Omi ti wọ ilé náà títí tó fi jẹ́ pé òkè ni wọ́n ń kó agbá ọtí wọn sí, kì í ṣe abẹ́ ilẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, odò náà fi mítà 5.4 ga ju bó ṣe máa ń wà lọ, èyí lé ní ẹsẹ̀ bàtà 17. Kò ga tó bẹ́ẹ̀ rí láàárín 100 ọdún tó ṣáájú.

Ohun tó yẹ kí a fiyè sí ni pé kì í ṣe òjò York nìkan ló ń kún York. Láti orí òkè Yorkshire Dales ni odò Swale, Ure àti Nidd ti ń ṣàn wá, gbogbo wọn sì ń da omi wọn sínú Ouse kó tó wọ ìlú. Nítorí náà, oòrùn lè ràn ní York lónìí kí odò sì máa ga sí i, nítorí òjò tó rọ̀ lórí òkè lánàá.

Kí ni wọ́n wá ṣe sí i? Wọ́n fi pápá ńlá kan tó ń jẹ́ Clifton Ings sílẹ̀ fún omi. Màlúù ń jẹko níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnikẹ́ni kò kọ́lé síbẹ̀. Ní ọdún 1987, wọ́n parí ilẹ̀kùn irin ńlá kan sí ẹnu odò Foss, kí Ouse má bàa ti omi rẹ̀ padà sínú ilé àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2015, omi wọ inú ilé ẹ̀rọ rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní láti gbé ilẹ̀kùn náà sókè, omi sì wọ ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní 600. Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbé àwọn ohun èlò iná mànàmáná rẹ̀ lọ sókè.

Àwọn baba wa ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lọ gbé ní ìlú etí odò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sọ fún un pé kó tó sanwó ilé, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò bóyá omi ti wọ ibẹ̀ rí. Bó bá sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, wọn yóò máa fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá mọ ibi tí omi dé lánàá ni yóò mọ ibi tí yóò tẹ́ ẹní rẹ̀ sí lálẹ́ òní.