Eérú Pupa Nínú Abọ́

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí nílùú Ọba ló fi sùúrù ṣe nánótúùbù kábọ́ọ̀nù fún mi, ìyẹn àwọn ọ̀pá kábọ́ọ̀nù oníhò tó tín-ín-rín jọjọ. Èmi ni mo jó o tán.

Bí nánótúùbù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ìdọ̀tí máa ń wà lára rẹ̀: èédú lásán, àti ẹ̀ún irin tí wọ́n fi mú un hù. Èédú yẹn máa ń tètè jóná ju nánótúùbù fúnra rẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí a fi máa ń rọra yan án nínú afẹ́fẹ́, kí ìdọ̀tí lè jó kúrò.

Mo ti kà á pé nánótúùbù lè fara da ooru tó ju 2,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́ ni, tàbí nínú gáàsì argon. Ojú mi fo apá yẹn. Mo gbé abọ́ kékeré náà sínú ìléru, mo ṣí ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀, mo yí i sí 600, mo ní ìyẹn ò tó nǹkan, mo sì bá tèmi lọ.

Nígbà tí mo fi ẹ̀mú fa abọ́ náà jáde, lẹ́bú dúdú tó kún inú rẹ̀ ti lọ. Eérú pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù nídìí rẹ̀, bí ìdógùn-ún ara páànù àtijọ́. Irin yẹn ló ti bá ọ́síjìn pọ̀. Òun náà ló sì bá iná ṣe é, nítorí irin máa ń mú kí kábọ́ọ̀nù tètè gbiná.

Ẹ̀gbọ́n wo abọ́ náà títí. “Àbúrò, afẹ́fẹ́ ńkọ́?” Mi ò rí èsì fún wọn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí òkìkí ohun èlò yìí tàn yín. Nánótúùbù kan ṣoṣo lè gbé ooru ju bàbà lọ dáadáa: wọ́n ti wọn ọ̀kan tó tó nǹkan bí 3,000 W/m·K, nígbà tí bàbà wà ní nǹkan bí 400. Ṣùgbọ́n òkìtì rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí ọ̀kan ti kan èkejì ni ooru ti ń há. Ní 2002, Ajayan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn nínú ìwé ìròyìn Science pé iná kámẹ́rà lásán, èyí tí a fi ń ya fọ́tò, mú kí nánótúùbù fúlẹ́fúlẹ́ gbiná nínú afẹ́fẹ́.

Ní báyìí, bíńtín ni mo kọ́kọ́ máa ń fi sórí òṣùwọ̀n tó ń wọn nǹkan bí ooru ṣe ń gòkè. Ibi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ gan-an, n kì í jẹ́ kí ìléru mi sún mọ́ ọn. Bí iṣẹ́ bá gba ooru tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, argon á ti kún inú ìléru kí n tó tan iná.