Èdè Wo La Fẹ́ Fi Wàásù ní Agbóyì?

Tí ẹ bá ń gbé Kétu, Ìkòsí tàbí Mile 12, ẹ ó ti rí irú wa rí: àwọn ọ̀dọ́ tó wọ tíṣáàtì aláwọ̀ kan náà, tí wọ́n ru páálí Indomie àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí wọ́n forí lé etí omi lọ́jọ́ Sátidé. Agbóyì là ń lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà la jọ wà, Kòsọ́fẹ́. Kódà, orúkọ tiwọn ló ṣáájú nínú Agbóyì-Kétu tí wọ́n kọ sára pátákó ìjọba ìdàgbàsókè. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Kétu ò dé ibẹ̀ rí. Omi ló wà láàárín, ọkọ̀ ojú omi la sì fi ń kọjá.

Yorùbá làwọn onílùú Agbóyì ń sọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹja àti iṣẹ́ yanrìn ti kó àwọn mìíràn wá bá wọn: Ìlàjẹ wà níbẹ̀, Ijaw wà níbẹ̀, Ègùn náà wà níbẹ̀. Nígbà tí Odò Ògùn bá kún, pàápàá tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, gbogbo wọn ni omi ń bá nílé, ó sì ń bá àwa tí a wà ní Mile 12 náà. Ìkún omi yẹn wà lára ohun tó mú kí ìjọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Oúnjẹ là ń gbé lọ, oògùn, aṣọ, àti ìwàásù.

Ọ̀rọ̀ ìwàásù yìí ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Ẹ wá wo WhatsApp wa lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀! Àwọn kan ní kí la tún ń wá? Ṣebí gbogbo ará erékùṣù yẹn ló gbọ́ Yorùbá. Mile 12 ni wọ́n ti ń ná ọjà, àwọn ọmọ wọn ń lọ sílé ìwé. Ẹ jẹ́ ká wàásù ní Yorùbá, ká fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sí i fún àwọn ọmọdé, ó parí. Àwọn yòókù ní rárá o. Èdè tí èèyàn fi ń ná ẹja kọ́ ló fi ń sunkún. Èèyàn lè gbọ́ Yorùbá dé ibi tí owó bá dé, kó má gbọ́ ọ dé ibi tí ọkàn rẹ̀ wà.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní àríyànjiyàn lásán. Nọ́ọ̀sì tó bá wa lọ ń ṣàlàyé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá àgbà Ègùn kan. Yorùbá tó já gaara ló ń sọ: ẹyọ kan láàárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ má fún ẹlòmíràn lò. Màmá ń mi orí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ ṣé, ẹ ṣé." Nọ́ọ̀sì yìí ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí màmá tún àlàyé náà ṣe fún òun. Màmá tún ní, "Ẹ ṣé." Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀. Bí ọmọ yẹn ṣe fi Ègùn lanu báyìí, ojú màmá yí padà. Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé kí àwọn ṣì máa mu àgbo tí àwọn ń mu? Tí àwọn bá gbàgbé láàárọ̀ ńkọ́? Kí ló dé tó jẹ́ pé alẹ́ ni orí ń fọ́ àwọn? Gbogbo ìbéèrè yẹn ti wà níkùn màmá kí á tó dé. Ẹni tí wọ́n máa bi ni wọn ò rí.

A sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀. Bí àlàyé oògùn bíńtín bá gba èdè tó tó yìí, báwo ni ti ikú àti àjíǹde ṣe máa rí? Ẹnì kan tún rán wa létí pé ọmọ tó túmọ̀ yẹn, Yorùbá ló fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Tí ilé ìwé bá kó Gẹ̀ẹ́sì wá, tí ọjà kó Yorùbá wá, tí àwa onígbàgbọ́ náà tún wá kún un, ta ni yóò máa túmọ̀ fún ta ní ogún ọdún sí i?

Àwa Yorùbá gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé, torí ó ti ṣe wá rí. Lọ́dún 1842 ni Thomas Birch Freeman, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Henry Townsend ti CMS dé lọ́dún kan náà. Ní 1845, Samuel Àjàyí Crowther náà dé síbẹ̀, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821. Kí Crowther tó dé, ó ti wàásù ní Yorùbá fún àwọn èèyàn wa ní Freetown ní 1844. Ìwé Róòmù jáde ní Yorùbá ní 1850, odindi Bíbélì sì jáde ní 1884. Nítorí pé àwọn kan gbà pé èdè àwọn ìyá wa tó ohun tí a lè fi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, lónìí kò sí ẹni tó ń sọ fún wa pé ká kọ́kọ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ká tó gbàdúrà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ta ni Àgbádárìgì? Ilẹ̀ Ègùn ni. Ibẹ̀ ni Crowther àti Townsend ti dúró de ọ̀nà Abẹ́òkúta fún ohun tó lé ní ọdún kan. Odindi Bíbélì ti èdè Ègùn kò jáde títí di 1923, ọdún mọ́kàndínlógójì lẹ́yìn tiwa. A ò fi ìyẹn fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ìtumọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ohun tí à ń sọ ni pé ìwé náà wà. Ògù ni àwọn èèyàn yìí ń pe ara wọn, Jiwheyẹwhe sì ni orúkọ Ọlọ́run nínú Bíbélì wọn. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí orúkọ yẹn ti wà nínú ìwé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń gbé ìwàásù lọ bá wọn kò gbọ́ ọ rí.

Nǹkan mìíràn tún wà tó yẹ ká mọ̀, kò sì jìnnà sílé. Ní ọdún 1947, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, Samuel Biléhou Oshoffa, dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run sílẹ̀. Sẹ̀lẹ́ làwa ń pè é. Ta ló gbé e dé Èkó? Kì í ṣe òyìnbó, kì í ṣe ẹni tó gba oyè ní ilé ẹ̀kọ́ bíbélì. Àwọn apẹja Ègùn ni. Àwọn ni wọ́n gbé e wọ Makoko ní 1950, láàárín àwọ̀n àti ẹja wọn. Láti orí omi yẹn ló ti tàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tó fi dé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Títí dòní, orin èdè Ègùn ṣì wà nínú ìsìn wọn, tí ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Èkìtì ń kọ ọ́ láìwẹ̀yìn. Mission House tí gbogbo ọmọ Sẹ̀lẹ́ mọ̀, Kétu wa níbí ló wà.

Ìjọ wa àti tiwọn ò gbà lórí ohun gbogbo, ẹ ò ní gbọ́ irọ́ lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ìtàn yẹn ń sọ. Àwọn tí à ń pè ní "àwọn ará orí omi tí ìyìn rere kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn" ti gbé ìyìn rere wọ ìlú wa, púpọ̀ nínú wa kò sì tíì bí. Ní Agbóyì pàápàá, ìjọ ti wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ wa tó gúnlẹ̀. Ẹni tó bá dé bí ẹni pé òkùnkùn birimù ló bá, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Ẹni tí kò bá sì béèrè, èdè tirẹ̀ nìkan ni yóò máa gbọ́.

Torí náà, a ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan kékeré kan. Ìyá kan tó ń ta ẹja ní Mile 12, Ègùn ni wọ́n, ń kọ́ wa lédè ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án la bẹ̀rẹ̀, márùn-ún ló kù. "Awanu," ìyẹn ẹ ṣé, ti yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. A ti lè béèrè orúkọ èèyàn, a sì ti lè béèrè ibi tó ń dun èèyàn. Ìwàásù ṣì jìnnà gan-an. Àwọn àgbà kan nínú ìjọ ní ìdádúró ni gbogbo èyí, pé ọkàn ń ṣègbé, ẹ̀ ń kọ́ ábídí. A ò bá wọn jà. A kàn ní kí wọ́n rántí ọdún tí Crowther lò lórí tiwa.

Ètò oṣù tó ń bọ̀ yàtọ̀. A ti bá àwọn onígbàgbọ́ Ègùn ní Agbóyì sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà: àwọn ni yóò darí ìsìn, àwọn ni yóò gbàdúrà, àwọn ni yóò wàásù. Ọmọ yẹn ni yóò máa túmọ̀ fún àwa.