Yamaha, Martin, Gibson, Taylor: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ jìtá gba owó yín o!

Bí wọ́n bá dárúkọ Yamaha ládùúgbò wa, jẹnẹrétọ̀ ló máa kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn, tàbí máṣíìnì táwọn àgbàlagbà ń gùn lọ síbi iṣẹ́ láyé ijọ́un. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wo àmì iléeṣẹ́ náà dáadáa. Ohun mẹ́ta tó kọjá lórí ara wọn yẹn kì í ṣe irin máṣíìnì rárá, fọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń mọ ohùn orin ni. Dùùrù ni Torakusu Yamaha fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ Japan lọ́dún 1887. Ọdún 1955 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ẹ̀ka máṣíìnì sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi jìtá Yamaha ṣe yẹ̀yẹ́ pé jìtá oníjẹnẹrétọ̀ ni, òun gan-an ni ò mọ ìtàn.

Ọ̀gá ìtẹ̀wé kan wà ní Ṣómólú tí ọ̀rọ̀ yìí kàn lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ní jìtá lòun fẹ́ kọ́. Kì í ṣe jìtá oníná o, jìtá alápótí ni, èyí táwọn olórin wa ń pè ní bọ́kìsì jìtá. Orin Aṣa ló kó sí ọmọ náà lórí. Bàbá ò bínú sí i. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ oṣù mẹ́wàá ni, ó ní òun yóò yọ díẹ̀ níbẹ̀ ra jìtá, kí ìyókù lọ sórí owó ilé-ìwé. Ìyá ọmọ ni ò jẹ́ kọ́rọ̀ náà rọrùn. Ó ní òun ò kọ jìtá, àmọ́ bí wọ́n bá fi lu ọkọ òun ní jìbìtì, tí owó ilé-ìwé sì bá a lọ, kí wọ́n má ṣe gbé pákó kankan wọlé òun.

Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu bàbá yìí: Gibson. Kì í ṣe pé ó mọ nǹkan kan nípa jìtá. Ó ṣáà rántí pé nígbà tóun ń tẹ pósítà fáwọn ẹgbẹ́ jùjú, òun máa ń rí orúkọ yẹn lórí jìtá inú fọ́tò. Báwọn èèyàn wa ṣe ń ra nǹkan nìyẹn, orúkọ ni wọ́n ń rà. Àfi ìgbà tí ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n dání, ló bá lọ pe bàbá àgbàlagbà kan ní Fadeyi, tó ti ta jìtá lẹ́yìn ẹgbẹ́ jùjú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ta, bí wọ́n ṣe ń ta á kó máa dún o, kì í ṣe pé ó ń tà á lọ́jà.

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù kan ní Mushin, ọmọkùnrin tó ń tajà ti mọ èyí tí yóò gbé jáde. “Dádì, Gibson original rèé. Tòkunbọ̀ ni, Amẹ́ríkà tààrà!” Jìtá náà ń dán yinrin. Ọ̀gá ìtẹ̀wé ti ń tọwọ́ bàpò.

Bàbá Fadeyi ní kó dúró ná. Ó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ọmọ náà sọ ọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi, ṣé wọ́n jí i ni?”

“Rárá o, bàbá! Ẹ̀ẹ́ ti ṣe sọ bẹ́ẹ̀?”

Ohun tó pa bàbá lẹ́rìn-ín kò fara sin. Jìtá Gibson tí wọ́n kọ J-45 sí lára, irú èyí tí ọmọ náà gbé jáde, ọdún 1942 ni wọ́n ti ń ṣe é. Láti ọdún 1989 ni wọ́n sì ti ń ṣe jìtá alápótí wọn ní Bozeman, ní ìpínlẹ̀ Montana. Tuntun rẹ̀ ń súnmọ́ 3,000 dọ́là lọ́hùn-ún, kí wọ́n tó san owó ọkọ̀ àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Owó tí ọmọ yìí pè ò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Jìtá tó bá ti lò ó máa ń dínwó lóòótọ́, àmọ́ kì í dínwó báyẹn.

Bàbá gba tọ́ọ̀ṣì, ó tàn án sẹ́nu ihò tó wà láàárín jìtá. Ó ní kí ọ̀gá ìtẹ̀wé wá wo etí ihò náà. “Wò ó dáadáa. Ìwọ tó ń tẹ̀wé, o mọ bébà. Ṣé ewé kan ni àbí ewé mélòó?” Mẹ́ta ni. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Pílíwúùdù! Bẹ́ẹ̀, odindi pákó spruce ló máa ń wà lójú J-45 gidi, ilà tó wà lójú rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sí etí ihò náà láìjá. Ọmọ tó ń tajà ò bá wọn jà. Ó ní, “Bàbá, bí wọ́n ṣe kó o fún wa la ṣe ń tà á.” Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ayédèrú Gibson àti ayédèrú Martin ti kún ayé, ẹni tó ń tà á pàápàá lè má mọ̀.

Ọ̀rọ̀ pílíwúùdù àti odindi pákó yìí gan-an ni kókó, ó sì ju orúkọ lọ. Ojú jìtá ni ohùn ti ń wá. Bí èèyàn bá fọwọ́ kan wáyà, ojú pákó yẹn ló ń gbọ̀n, òun ló ń ti afẹ́fẹ́ tó wà nínú àpótí jáde. Odindi pákó máa ń gbọ̀n fàlàlà, bó bá sì ṣe ń pẹ́ lọ́wọ́ olówó ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń là sí i. Pílíwúùdù le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ kì í jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bú u. Bí ọyẹ́ bá dé, tí ètè gbogbo wa ń bó, odindi pákó náà máa ń sún kì, ó lè là. Pílíwúùdù ò mọ̀ pé ọyẹ́ dé.

Nínú àwọn tó lórúkọ, Martin ni àgbà. Ọmọ Jámánì ni Christian Frederick Martin, ó kó lọ sí New York lọ́dún 1833, kò sì pẹ́ tó fi kó lọ sí Nazareth ní Pennsylvania, níbi tí iléeṣẹ́ náà wà títí dòní. Jìtá alára gbàǹgbà tí gbogbo ayé ń wò ṣe lónìí, tí wọ́n fi orúkọ ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè ní Dreadnought, ọwọ́ wọn ló ti jáde lọ́dún 1916. Ẹni tó bá gbọ́ D-28 wọn rí, tó gbọ́ bí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ń rìn nílẹ̀ bí ìyá ìlù, á mọ ìdí táwọn èèyàn fi ń san ju 3,000 dọ́là lọ lé e. Wọ́n ní èyí tówó rẹ̀ rọjú tí wọ́n ń ṣe ní Mẹ́síkò, ohun tó dà bíi fọ̀mékà ni ara àwọn kan nínú ẹ̀. Kékeré inú wọn ni Ed Sheeran, òyìnbó tó bá Fireboy kọ “Peru” lọ́dún 2021, fi di gbajúmọ̀. Ohùn ẹ̀ ò tó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ o, àmọ́ oòrùn Èkó ò lè fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe.

Gibson gidi ní tiẹ̀, ohùn rẹ̀ gbóná, ó gbẹ díẹ̀, kì í sì í bá akọrin du ipò. Ẹni tó fẹ́ máa kọrin tó sì ń ta jìtá sí i, J-45 á bá a lára mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ọ̀wé ò nílò pẹ́ẹ̀nì wúrà.

Taylor ni àbúrò gbogbo wọn. Ọdún 1974 ni Bob Taylor, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà, àti Kurt Listug bẹ̀rẹ̀ ní California. Ohùn jìtá wọn mọ́ kedere bí agogo, ọrùn rẹ̀ sì rọ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Àwọn kan ní ó ti mọ́ jù, pé kò ní ìlàágùn nínú, ọ̀rọ̀ wọn ò sì jìnnà sóòótọ́. Ohun tó kan àwa dúdú níbẹ̀ ni pé lọ́dún 2011, Taylor àti iléeṣẹ́ Spain kan ra ibi tí wọ́n ti ń la igi dúdú ẹ́bónì ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá mọ̀ pé àwọn agégi ń pa ọ̀pọ̀ igi tì sínú igbó torí pé inú rẹ̀ ò dúdú tán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tó ní àbàwọ́n náà. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Igi ti Kamẹrúùnù tó bá wa pààlà lọ sí California, ó di jìtá, ó wá padà dé Èkó, apá ò ká a mọ́.

Yamaha ló wá kù. Ọdún 1966 ni wọ́n gbé FG180 jáde. FG800 tó dé lọ́dún 2016 sì ní odindi pákó spruce lójú, pílíwúùdù ni ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Owó rẹ̀ lọ́hùn-ún ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó D-28. Ayédèrú Gibson ọjọ́ yẹn gan-an, wọ́n pè é ju Yamaha gidi lọ! Ohùn FG800 ò ní jinlẹ̀ tó ti Martin, irọ́ ni ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dọ́gba láti òkè délẹ̀, béèyàn bá sì gbé mẹ́wàá rẹ̀ kalẹ̀, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á dún bákan náà. Èyí tówó rẹ̀ tún kéré sí i, F310, pílíwúùdù ni tojú-tẹ̀yìn.

Ibí yìí ni àwọn bàbá méjèèjì ti fẹ́ máa jiyàn. Bàbá Fadeyi ní kí wọ́n mú F310.

“Ilé ẹ ò ní ẹ́síì. Ọyẹ́ kan ṣoṣo, ojú jìtá á là. Kí lo fẹ́ sọ fún ìyàwó ẹ?”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ojú ni ohùn wà. Ṣé kí n wá ra èyí tí ò ní ohùn ni?”

Ọ̀gá ìtẹ̀wé ló jàre. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó pa jìtá tì, kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Jìtá burúkú ló lé wọn: wáyà ga sókè bí okùn ìsáṣọ, ìka ń bó, ohùn ò sì dùn. Bàbá Fadeyi náà gbà nígbẹ̀yìn. Ó gbé FG800 sójú bí ọdẹ ṣe ń fi ìbọn wo ẹran, ó wo ọrùn rẹ̀ bóyá ó wọ́. Ó wo àyè tó wà láàárín wáyà àti irin kejìlá lọ́rùn jìtá, ó ní kò yẹ kó ju mílímítà mẹ́ta lọ. Ó ta gbogbo irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí wáyà kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí bóyá èyí tó ń han wà níbẹ̀. Jìtá kẹta ló tó fọwọ́ sí. Inú ń bí ọmọ tó ń tajà, ṣùgbọ́n ó fi báàgì kún un fún wọn.

Àṣẹ mẹ́ta ni bàbá pa fún ọmọbìnrin náà. Kò gbọ́dọ̀ fi í sínú bùùtù mọ́tò lọ́sàn-án, torí ooru máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù tó mú bírììjì mọ́lẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fi í ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí ọyẹ́ bá dé, inú báàgì ni kó máa sùn, pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn tútù tí wọ́n ti fún dáadáa nínú ike ìpọnṣẹ tí wọ́n dá lu lára.

Oṣù kẹta, wáyà tó bá a wá ti dọ̀tí, ohùn rẹ̀ ti kú. Ìyá ọmọ ló fúnra rẹ̀ yọ owó tuntun.